Ohùn Márùn-ún, Olórin Mẹ́rin: Títún Gymnopédie Kìíní ti Erik Satie Tò fún Sakisofóònù

1. Ìfáàrà

Ohun tí bébà yìí dá lé lórí ni títún orin píánò tò kí àwọn onísakisofóònù mẹ́rin lè fọn ọ́n. Orin tó mú gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ni Gymnopédie kìíní nínú mẹ́ta tí Erik Satie, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ ní 1888. Orin kúkúrú ni, kò yára, kò sì le láti tẹ̀. Ọmọ tó ti kọ́ píánò fún ọdún mélòó kan lè tẹ̀ ẹ́ dópin. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi máa ń rò pé kò sí iṣẹ́ gidi nínú títún un tò: kí wọ́n ṣáà pín ohùn tó wà lórí ìwé fún ènìyàn mẹ́rin, ó parí. Èrò yìí kò tọ̀nà. Bí orin kan bá ṣe rọrùn tó lójú ìwé ni àṣìṣe olùtúntò ṣe máa ń hàn sí etí tó, nítorí pé kò sí ariwo tí yóò bò ó mọ́lẹ̀.

Kókó ọ̀rọ̀ náà ni pé ìwé orin píánò kò sọ gbogbo ohun tí píánò ń ṣe. Ẹsẹ̀ atẹpíánò ló ń ṣe apá kan iṣẹ́ náà. Apá mìíràn sì wà tí ohun èlò náà fúnra rẹ̀ ń ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ fún un. Ẹni tó bá kó kìkì ohun tó wà lórí ìwé lọ bá àwọn onísakisofóònù ti gbàgbé apá méjèèjì yìí sórí píánò. Ọ̀rọ̀ náà jọ ti ìtumọ̀. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, ìró ohùn Yorùbá kò lè bá a sọdá. Ohun tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ló ní láti lò. Olùtúntò orin wà ní irú ipò yìí gan-an. Ìbéèrè tó yẹ kó máa bi ara rẹ̀ ni pé, níwọ̀n ìgbà tí nǹkan kan yóò sọnù dandan, kí ni ó yẹ kó sọnù?

2. Àwọn ohun èlò náà

Adolphe Sax, ọmọ ilẹ̀ Belgium tí wọ́n bí ní 1814, ló ṣe sakisofóònù, Paris ló sì ti gba ìwé-àṣẹ lé e lórí ní 1846. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ṣe é bí ẹbí, kékeré olóhùn òkè, ńlá olóhùn ìsàlẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn òǹkọrin fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin fún mẹ́rin pọ̀. Jean-Baptiste Singelée kọ ọ̀kan ní 1857. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ẹgbẹ́ tó gbé irú orin bẹ́ẹ̀ dé gbọ̀ngàn ńláńlá ni èyí tí Marcel Mule dá sílẹ̀ ní 1928 láàárín àwọn olórin ológun Garde Républicaine ní Paris. Àwọn ni Alexander Glazunov kọ iṣẹ́ rẹ̀, Op. 109, fún ní 1932. Síbẹ̀, orin tí wọ́n dìídì kọ fún sakisofóònù mẹ́rin kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ohun èlò olókùn mẹ́rin tó ti wà láti ayé Haydn. Nítorí náà, láti ìgbà Mule ni títún orin ẹlòmíràn tò ti jẹ́ ara oúnjẹ òòjọ́ irú ẹgbẹ́ yìí.

Mẹ́rin tó máa ń wà níbẹ̀ ni sòpúránò, áátò, tẹ́nọ̀ àti bárítóònù. Píánò ní ibi ìtẹ̀ 88. Sakisofóònù kan ṣoṣo kò ní ju ohùn 32 tàbí 33 lọ, láìka àwọn ohùn òkè téńté tí àwọn ọ̀jáfáfá máa ń fi ète wá. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pàdé, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ láti D♭2 kí wọ́n sì dé nǹkan bí E6. (Nínú bébà yìí, C4 ni C tó wà láàárín píánò.) Àyè yẹn gba Gymnopédie, nítorí náà kì í ṣe ibẹ̀ ni ìṣòro wà.

Ibi tó wà ni bí ohùn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe ń parí. Nínú píánò, òòlù kékeré a gbá wáyà, ohùn a jáde, láti ìṣẹ́jú àáyá yẹn ni ó sì ti ń kú lọ. Kò sí ohun tí atẹpíánò lè ṣe láti mú un pọ̀ sí i. Ohun tó lè ṣe ni kó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ pẹ́dà, kí ohun tó ń pa wáyà lẹ́nu mọ́ lè gbéra kúrò, kí gbogbo wáyà inú àpótí sì lè máa gbọ̀n pẹ̀lú èyí tí wọ́n gbá. Sakisofóònù kò mọ irú ikú bẹ́ẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí èémí bá wà, ohùn wà. Ó lè pọ̀ sí i, ó lè rẹlẹ̀, ó lè dúró gbọn-in. Ohun èlò tí a ń gbá tàbí tí a ń lù ni píánò, bí agogo. Ohun èlò tí a ń fọn ni sakisofóònù, bí kàkàkí. Àwọn méjèèjì kò sì lè purọ́ fún ara wọn lórí èyí.

Ó yẹ kí a fi kún un pé etí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà ti mọ sakisofóònù mọ́ ẹgbẹ́ Fẹlá Aníkúlápó-Kútì tàbí ti Orlando Julius, níbi tó ti ń bá dùùrù iná, gìtá àti ìlù jà fún àyè. Sakisofóònù tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kò wọ́pọ̀ létí wọn. Ohun èlò kan náà ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí Satie ń bẹ̀ ẹ́ níbí yàtọ̀ pátápátá.

3. Ohùn márùn-ún, ènìyàn mẹ́rin

Báà mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú Gymnopédie yìí kò ní orin lórí rárá. Bíìtì mẹ́ta ló wà nínú báà kọ̀ọ̀kan. Ní bíìtì kìíní, ọwọ́ òsì tẹ ohùn ìsàlẹ̀ kan: G2 nínú báà kìíní, D2 nínú èkejì, G2 nínú ẹ̀kẹta, D2 nínú ẹ̀kẹrin. Ní bíìtì kejì, kọ́ọ̀dù ohùn mẹ́ta bọ́ sórí rẹ̀, ó sì dúró títí báà fi tán: B3, D4 àti F♯4 lórí G, A3, C♯4 àti F♯4 lórí D. Gbogbo rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, láàárín ibi méjì yìí, bí ìgbà tí ìyá ń mi ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn.

Ní báà karùn-ún ni orin gan-an wọlé, kì í sì í ṣe ní bíìtì kìíní bí kò ṣe ní bíìtì kejì: F♯5, A5. Báà kẹfà: G5, F♯5, C♯5. Báà keje: B4, C♯5, D5. Nínú báà kẹjọ, ó dúró sórí A4. Láti báà kẹsàn-án dé èkejìlá, ohùn kan ṣoṣo, F♯4, ni wọ́n so pọ̀ láìgbé ọwọ́ kúrò. Ní gbogbo àkókò yìí, ohùn ìsàlẹ̀ àti kọ́ọ̀dù rẹ̀ kò dáwọ́ dúró.

Nígbà tí orin bá ti wọlé, ìṣirò náà hàn kedere. Ohùn ìsàlẹ̀ kan, kọ́ọ̀dù mẹ́ta, orin kan: márùn-ún. Ènìyàn mẹ́rin ló sì wà, ẹnu wọn kò sì lè fọn ju ohùn kan lọ lẹ́ẹ̀kan.

Ọgbọ́n tó kọ́kọ́ máa ń wá sí ọkàn ni kí bárítóònù fọn ohùn ìsàlẹ̀ ní bíìtì kìíní, kó fò kúrò níbẹ̀, kó sì wá gba ọ̀kan nínú ohùn kọ́ọ̀dù ní bíìtì kejì. Lójú ìwé, kò sí ohun tó sọnù. Létí, ilẹ̀ ti yẹ̀ lábẹ́ orin. Satie kọ ohùn ìsàlẹ̀ náà pé kó gba bíìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bẹ́ẹ̀ sì ni ọwọ́ òsì kan náà ló ní láti kúrò lórí rẹ̀ lọ tẹ kọ́ọ̀dù tó jìnnà sí i ju ọ́kítéèfù kan lọ. Pẹ́dà nìkan ló lè di ohùn náà mú. Èyí fi hàn pé òǹkọrin mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kó dúró. Bárítóònù kò gbọ́dọ̀ kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọgbọ́n kejì ni kí wọ́n yọ F♯4, ohùn òkè kọ́ọ̀dù, nítorí pé orin fúnra rẹ̀ mú F♯ wá ní bíìtì kejì báà karùn-ún àti ti ẹ̀kẹfà. Èyí dára díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n kò jìnnà. Kí bíìtì kẹta tó dé, orin ti kúrò lórí F♯. Nínú báà keje àti ẹ̀kẹjọ, kò tilẹ̀ débẹ̀ rárá. F♯ yìí sì ni ohùn keje lórí G. Òun ló fún kọ́ọ̀dù náà ní adùn tó korò díẹ̀ tí gbogbo ayé fi mọ orin yìí. Ẹni tó yọ ọ́ ti yọ iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀.

Ohùn tó ṣeé yọ ni ohùn karùn-ún sí ti ìsàlẹ̀: D lórí G, A lórí D. Ìdí rẹ̀ kì í ṣe ti òfin inú ìwé nìkan. Ohùn kọ̀ọ̀kan tí sakisofóònù bá mú jáde ní àwọn ohùn kéékèèké tó fara pamọ́ sínú rẹ̀. Ìkẹta nínú àwọn tó wà nínú G2 ni D4. Ìkẹta nínú àwọn tó wà nínú D2 ni A3. Ìyẹn ni pé ohùn tí wọ́n yọ kúrò lẹ́nu áátò tàbí tẹ́nọ̀ ṣì wà nínú ọ̀fun bárítóònù, ní ibi tí Satie fi í sí gan-an. Kò ní ke, ṣùgbọ́n kò lọ pátápátá. Yàtọ̀ sí èyí, orin fúnra rẹ̀ bá D5 pàdé ní ìparí báà keje, ó sì dúró lórí A4 jálẹ̀ báà kẹjọ, nítorí náà ó ń san gbèsè náà padà.

Bí wọ́n bá gba èyí, ìpín náà lẹ́wà. Áátò dúró sórí F♯4 láti báà dé báà. Tẹ́nọ̀ ń rọra lọ láti B3 sí C♯4, ó ń padà. Bárítóònù ń rù wọ́n. Sòpúránò ń kọ orin.

Báà mẹ́rin àkọ́kọ́ ńkọ́, níbi tí sòpúránò kò tíì ní orin kankan láti kọ? Ó rọrùn láti ní kó fọn ohùn karùn-ún tí wọ́n yọ yẹn, kí kọ́ọ̀dù lè pé. Ìmọ̀ràn tó tọ́ ni kó dákẹ́. Bó bá fọn ọ́n, tó sì wá já a sílẹ̀ ní báà karùn-ún láti lọ gba orin, kọ́ọ̀dù yóò tinrin lójijì ní ìṣẹ́jú tí orin ń wọlé, olùgbọ́ yóò sì mọ̀ pé ẹnì kan ti kúrò níbi kan. Ohun tí etí kò gbọ́ rí, etí kì í wá a. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ báà mẹ́rin yẹn tún ń jẹ́ kí sòpúránò wọlé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé.

Nígbà tí orin bá dé F♯4 ní báà kẹsàn-án, ibi tí áátò jókòó sí gẹ́lẹ́ ló bọ́ sí. Áátò wá ní òmìnira láti lọ gba D4, àti A3 nínú báà tó tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni kọ́ọ̀dù ti pé fún ìgbà àkọ́kọ́, ní ìgbà tí orin ń sinmi. Satie kò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lórí píánò, kọ́ọ̀dù ti pé láti báà kìíní. Àfikún olùtúntò ni èyí, ó sì yẹ kó mọ̀ pé òun ló fi í kún un.

4. Ibi tí ohùn wà

Bí orin náà bá wà ní D major gẹ́gẹ́ bí Satie ṣe kọ ọ́, sòpúránò àti tẹ́nọ̀ yóò máa ka ìwé wọn ní E major, áátò àti bárítóònù ní B major tó ní ṣáápù márùn-ún. Èyí kì í ṣe ìṣòro fún ẹni tó mọ iṣẹ́. Ìṣòro ni D2. Lórí bárítóònù, B ìsàlẹ̀ ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún un, níbi tí gbogbo ihò ara ohun èlò náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí tán. Inú sakisofóònù ń fẹ̀ sí i láti ẹnu dé ìdí. Àwọn ohùn ìsàlẹ̀ pátápátá máa ń fẹ́ bú jáde, wọn kì í sì í fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́. Orin yìí sì ń béèrè ohùn náà ní pẹ̀lẹ́ nínú báà kejì, ẹ̀kẹrin, ẹ̀kẹfà, láìsinmi.

Gbígbé orin náà sókè ní ìdajì ìgbésẹ̀ kan, sí E♭ major, mú kí àwọn méjì máa kà á ní F major, àwọn méjì tó kù ní C major. Ohùn tó le jù fún bárítóònù di C lórí ìwé rẹ̀. Kò tíì rọrùn, ṣùgbọ́n ó ṣeé tọrọ lọ́wọ́ ènìyàn. Ẹni tó bá gbé e sókè jù bẹ́ẹ̀ lọ, sí F fún àpẹẹrẹ, yóò rí ìrọ̀rùn sí i fún bárítóònù, ṣùgbọ́n sòpúránò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn. Satie kọ ọ́ sí orí ìwé pé kí orin náà lọ díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìrora. Láti ibí lọ, E♭ ni bébà yìí yóò máa lò.

5. Èémí ní ipò pẹ́dà

Ohùn gígùn tó gba báà mẹ́rin yẹn, èyí tó ti di G4 báyìí, jẹ́ bíìtì 12. Bí wọ́n bá ń ka bíìtì 70 ní ìṣẹ́jú kan, ó fi díẹ̀ lé ní ìṣẹ́jú àáyá 10. Kò sí onísakisofóònù tó gbọ́n tí kò ní èémí tó bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe tó máa ń ṣẹlẹ̀ kò tilẹ̀ ti èémí wá. Lórí píánò, ohùn yẹn ń kú lọ fúnra rẹ̀, kọ́ọ̀dù tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ń gorí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí olùgbọ́ kò fi mọ ìgbà tó parí. Bí sòpúránò bá dì í mú gbọn-in nítorí pé kò sí àmì kankan lórí ìwé Satie, ó di ohùn fèrè ọlọ́pàá ojú pópó. Olùtúntò gbọ́dọ̀ kọ àmì ìrẹ̀sílẹ̀ síbẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń fi kún iṣẹ́ Satie. Ohun tí igi àti wáyà ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ló ń kọ sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni bárítóònù. Kí ohùn rẹ̀ kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láìfi ahọ́n gbá a, kó sì máa rọ̀ kí bíìtì kẹta tó tán. Tẹ́nọ̀ àti áátò ní bíìtì kìíní báà kọ̀ọ̀kan láti mí. Òun nìkan ni kò ní àyè, bẹ́ẹ̀ òun ló ń lo èémí jù. Ó dára kí ìwé rẹ̀ fi hàn án pé kó mí lẹ́yìn báà méjì-méjì, ní ìparí E♭, nígbà tí ohùn náà bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ tán. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ kó máa wá ibi tí yóò ti mí fúnra rẹ̀, òru ìdánwò ni yóò rí i.

Claude Debussy tún méjì nínú Gymnopédie mẹ́ta náà tò fún ẹgbẹ́ olórin ńlá, wọ́n sì kọ́kọ́ gbọ́ wọn ní Paris ní 1897. Nínú ohun tó ní lọ́wọ́ ni ohun èlò olókùn tó lè fa ohùn títí, ìwo, àti háàpù tí ohùn rẹ̀ ń kú bíi ti píánò. Ó lè fi ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ ohùn kí ẹlòmíràn sì dì í mú. Ẹni tó ní sakisofóònù mẹ́rin kò ní irú àfiyàn bẹ́ẹ̀. Olórin kan náà ni yóò ṣe òòlù, tí yóò sì ṣe pẹ́dà.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé gbogbo orin píánò ló ń fa wàhálà yìí. Nínú irú orin píánò tí Akin Euba gbé kalẹ̀, bí Scenes from Traditional Life tó kọ ní 1970, níbi tí wọ́n ti ń lo píánò bí ẹni ń lu ìlù, ìbẹ̀rẹ̀ ohùn ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe ìparí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tún ìyẹn tò fún sakisofóònù yóò pàdé ìṣòro òdìkejì: ahọ́n ni yóò rẹ̀, kì í ṣe èémí.

6. Ìdajì ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn

Gymnopédie yìí pín sí apá méjì tó jọra gidigidi. Ìyàtọ̀ tó ṣe gbòógì láàárín wọn wà ní ìparí. Apá kìíní parí sí major, apá kejì sí minor. Nínú E♭, G ló wà nínú kọ́ọ̀dù ìparí apá kìíní. Nínú ti apá kejì, G♭. Ìdajì ìgbésẹ̀ kan péré ni, orí rẹ̀ sì ni ìtumọ̀ gbogbo orin náà dúró lé. Kọ́ọ̀dù ibẹ̀ nípọn lórí píánò ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ, nítorí náà yíyọ ohùn yóò tún di dandan, ṣùgbọ́n ohùn yìí kò gbọ́dọ̀ wà lára àwọn tí wọ́n yóò yọ, kò sì gbọ́dọ̀ fara pamọ́ sábẹ́ ẹlòmíràn.

Ohun kan tún wà níbí tí píánò kò ní. Ẹni tó ń fọn sakisofóònù lè fi ète gbé ohùn sókè tàbí kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, kí kọ́ọ̀dù lè mọ́. Sẹ́ǹtì 100 ló wà nínú ìdajì ìgbésẹ̀ kan lórí píánò. G tó mọ́ lórí E♭ fi nǹkan bí sẹ́ǹtì 14 rẹlẹ̀ ju ti píánò lọ. G♭ tó mọ́ fi nǹkan bí 16 ga jù ú lọ. Gbogbo ẹgbẹ́ tó bá gbọ́ ara wọn dáadáa yóò lọ síbẹ̀ láìmọ̀. Àbájáde rẹ̀ ni pé kọ́ọ̀dù méjèèjì yóò dùn ju ti píánò lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó wà láàárín G àti G♭ yóò ti kúrú láti sẹ́ǹtì 100 sí nǹkan bí 70. Ìṣúdẹ̀dẹ̀ tí Satie fi parí orin rẹ̀ yóò ti dínkù nítorí pé àwọn olórin fọn ọ́n dáadáa jù.

Nítorí náà, ó sàn kí wọ́n jẹ́ kí kọ́ọ̀dù apá kìíní mọ́ bó ṣe lè mọ́ tó, kí G rẹ̀ sì sinmi sílẹ̀. Fún ti ìparí, kí wọ́n fi G♭ sí ẹnu áátò, E♭ ni yóò rí lórí ìwé rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sí i níwájú pé kó má gbé e sókè lọ bá àwọn yòókù.